Ọkọ̀ Tó Fẹ̀ Ju Ọ̀nà Lọ

Gbogbo yín lẹ ti rí ọkọ̀ ojú omi lórí omi. Ṣé ẹ ti rí i lórí ilẹ̀ rí, tí ọkọ̀ mìíràn ń fà á lọ lórí ọ̀nà ọ̀dà? Lórí omi, omi ló ń gbé e. Tó bá gun ilẹ̀, ó di ẹrù. Bó bá wá fẹ̀, ó di ẹrù fún gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ní ọdún 1987 ni ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, ní ilẹ̀ Tógò, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti máa pèsè iná mànàmáná fún Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Omi tó gbára jọ lẹ́yìn rẹ̀ di adágún ńlá. Àwọn ènìyàn ń pẹja níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tó ń gbé ní agbègbè Atakpamé, máa ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ó ra ọkọ̀ ojú omi oníẹ̀rọ kan ní Lomé. Gbogbo owó tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ló wà nínú ọkọ̀ náà. A kò lè gba ojú omi dé adágún, nítorí ìdídò ti dí odò. Àfi kí a fà á gba orí ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò mọ̀wé. Ó ránṣẹ́ sí mi ní Kétu pé kí n wá bá òun ka ìwé, kí n sì bá òun wọn nǹkan.

Mo fi okùn ìwọ̀n wọn ọkọ̀ náà. Ó gùn tó mítà 9. Níbi tó fẹ̀ jù, ó jẹ́ mítà 3 àti sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: 3,10 m. Ẹ wá wo òfin. Àjọ UEMOA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀, ṣe òfin kan ní ọdún 2005. Òfin náà ní kí ọkọ̀ tó ń rìn lójú ọ̀nà má fẹ̀ ju 2,55 m lọ, kó má sì ga ju 4 m lọ. Ẹ yọ 2,55 kúrò nínú 3,10. Ó ku 0,55. Ọkọ̀ wa fi sẹ̀ǹtímítà 55 ju òfin lọ.

Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá ju òfin lọ ní láti gba ìwé àṣẹ kó tó gbéra. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wá tiwa. Èmi ni mo kà á fún wọn. Wọ́n kọ ọ̀nà tí a ó gbà síbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sán nìkan ni kí a rìn, kí ọkọ̀ kékeré kan máa ṣáájú, kí òmíràn máa tẹ̀lé wa.

Awakọ̀ ní ìwé kì í fa ọkọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Níbi tí ọ̀nà bá fẹ̀ tó mítà 7, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 3,50 m. Bí ọkọ̀ wa bá wà láàárín ìdajì tirẹ̀ gan-an, sẹ̀ǹtímítà 20 ló kù lọ́tùn-ún, 20 lósì. Kò ju gígùn ọwọ́ lọ, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Awakọ̀ dákẹ́.

Bàbá àgbà kan tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe kọ́ wa ní nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, ẹ̀rọ wúwo, ìdí ọkọ̀ ló sì máa ń wà. Bí ìdí bá wúwo ju iwájú lọ, ohun tí a ń fà lẹ́yìn yóò máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìrù ajá. Ó lè yí ọkọ̀ tó ń fà á dà nù. A tú ẹ̀rọ náà, a gbé e sínú ọkọ̀ iwájú.

Èkejì, okùn máa ń dẹ̀ bí ọ̀nà ti ń gbọn ẹrù. Lẹ́yìn kìlómítà 10 àkọ́kọ́, a dúró, a tún un fà le, a sì yẹ ìdí táyà wò bóyá ó ń gbóná jù.

Ẹ̀kẹta, ó ní kí a gé ọparun kan tó gùn ju ìbú ọkọ̀ lọ díẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá há, kí ọmọkùnrin kan gbé e ní ìbú ṣáájú wa. Ibi tí ọparun bá kọjá, ọkọ̀ yóò kọjá. Ibi tí ó bá há sí, kí a dúró.

A so aṣọ pupa mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a gbéra.

Láti Lomé dé Atakpamé jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 160. Ọjọ́ méjì ni a fi rìn ín. Níbi tí wọ́n ti ń gba owó ọ̀nà, ọparun há sáàárín ògiri méjì. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣí ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀ fún wa. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ ní Notsé, awakọ̀ fẹ́ máa lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí a sùn.

Kọ́nà ló burú jù. Ohun tí a ń fà kì í tọ ipa ọkọ̀ iwájú, inú kọ́nà ló máa ń gé sí. Ní kọ́nà kan, oní-zémidjan kan gba ọ̀tún wọlé sí àárín wa àti etí ọ̀nà. Ó gbé obìnrin kan tó pọn ọmọ. Ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé wa fun fèrè kíkankíkan, awakọ̀ wa tẹ bíréèkì. Etí ọkọ̀ ojú omi náà gba gèlè orí obìnrin yẹn ṣubú. Gèlè nìkan ló gbà. Láti ìgbà náà, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń rán ọmọkùnrin náà síwájú pẹ̀lú aṣọ pupa kí a tó wọ kọ́nà.

Nígbà tí a kúrò lórí ọ̀nà ńlá, ọ̀nà tó lọ sí adágún há. Ìyá kan ń ta gàrí àti ẹ̀wà lábẹ́ àtíbàbà tó yọ sí ọ̀nà. Ọparun há. Awakọ̀ pariwo pé ọ̀nà ti há jù. Ìyá náà fi èdè Ifẹ̀ dá a lóhùn pé: “Ọ̀nà kò há. Ẹ̀yin lẹ fẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ̀kalẹ̀, ó kí i. Ó ní: “Ìyá, ẹ kú ọjà. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a tú àtíbàbà yìí, a ó tún un so fún yín kí a tó lọ.” Ìyá gbà. A tú u, a kọjá, a tún un so. Wákàtí kan ni ó gbà wá. Ní ọjọ́rọ̀, ọkọ̀ náà wọ omi, kò sì sí ibi kankan tó ha lára rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, bóyá ẹ kò ní fa ọkọ̀ ojú omi láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ lè kó igi, ẹ lè kó páànù tàbí àpò òwú tó yọ síta. Ẹ wọn ẹrù yín kí ẹ tó dì í. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bèèrè ohun tí òfin sọ, kí ẹ sì ka ìwé àṣẹ yín fúnra yín. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ fẹ̀ ni kó rọra, nítorí ọ̀nà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwọn àgbà ní: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára.