Olùdámọ̀ràn Àwọn Olóore

Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ tí ń fúnni ni í lékè. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tí ó wà lókè ni ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó da ohun tí ó mú dání sí. Ẹni tí ó bu omi sí ìdí igi tí ó ti kú ṣe wàhálà lásán, bí omi náà tilẹ̀ mọ́ gaara. Nítorí èyí ni iṣẹ́ kan ṣe wà ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí: iṣẹ́ ẹni tí ń gba olóore nímọ̀ràn.

Ọlọ́rọ̀ kan wà ní ìlú St. Louis tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bryan Mullanphy, ẹni tí ó ti ṣe olórí ìlú náà rí. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1851, ìwé ìhágún rẹ̀ fi ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tálákà tí ó bá gba ìlú náà kọjá lọ tẹ̀dó sí ìwọ̀-oòrùn. Ní ìgbà ayé rẹ̀, irú àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ ojú irin dé ìwọ̀-oòrùn, àwọn tí owó náà wà fún sì di àwátì. Owó ń bẹ nílẹ̀, tálákà mìíràn ń bẹ nígboro, síbẹ̀ ó di ọ̀ràn ilé ẹjọ́ kí owó náà tó ṣeé ná fún ẹlòmíràn.

Irú nǹkan báyìí ni ó kọ Frederick Harris Goff lóminú. Agbẹjọ́rò ni, ó sì di ọ̀gá báńkì ní ìlú Cleveland, ní etí adágún Erie. Àṣẹ tí olóògbé fi de owó mọ́lẹ̀ ni òun pè ní ọwọ́ òkú. Ní ọdún 1914 ó dá àjọ ìtọrẹ ìlú Cleveland sílẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Àwọn olóore yóò kó ẹ̀bùn wọn sí abẹ́ àjọ kan. Àjọ náà yóò fi owó náà ṣòwò, yóò sì máa ná èrè rẹ̀ fún àǹfààní ìlú. Bí ohun tí olóore dárúkọ bá di ohun tí kò wúlò mọ́, ìgbìmọ̀ àjọ ní agbára láti darí owó náà sí ibòmíràn. Kò pẹ́ tí àwọn ìlú mìíràn fi tẹ̀lé e: Boston àti Chicago ní ọdún 1915, Winnipeg ní ilẹ̀ Kánádà ní ọdún 1921.

Nínú irú àjọ bẹ́ẹ̀ ni olùdámọ̀ràn ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òun ni ó ni owó, kì í sì í ṣe òun ni yóò jẹ ẹ́. Tirẹ̀ ni kí ó mọ ìlú bí onílé ti í mọ ilé rẹ̀: ẹgbẹ́ tí ìṣirò owó rẹ̀ mọ́, àti èyí tí ẹnu rẹ̀ dùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òun ni yóò sọ fún olóore pé ẹ̀bùn tí ó bá ti bọ́ sí ọwọ́ àjọ kò ṣeé gbà padà mọ́. Pé olóore lè dá àbá, ṣùgbọ́n àjọ ni ó ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ẹ fi ojú inú wo bàbá àgbà kan tí ó wọlé tọ irú olùdámọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan, wá ní òwúrọ̀. Ìyàwó bàbá náà ti kú. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin náà fi kọ́ àwọn àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìwé kíkà ní alaalẹ́, nínú yàrá kótópó kan. Bàbá náà ní dọ́là 200,000 lọ́wọ́. Ó fẹ́ fi kọ́ ilé ìkàwé kan, kí a sì gbẹ́ orúkọ ìyàwó òun sí ara òkúta níwájú rẹ̀.

Ó rọrùn fún olùdámọ̀ràn láti rẹ́rìn-ín kí ó sì gba owó náà. Inú bàbá yóò dùn, inú àwọn ọ̀gá rẹ̀ yóò sì dùn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ilé náà yóò gbé gbogbo owó náà mì, kò sì ní ku ohun tí a ó fi ra ìwé tàbí tí a ó fi san owó olùkọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ó fara balẹ̀, ó sì bèèrè pé, "Bàbá, kí ni ìyá fẹ́ràn jù lọ nínú iṣẹ́ wọn?"

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Alẹ́ tí ènìyàn kan bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀."

Nígbà náà ni olùdámọ̀ràn ṣàlàyé pé bí a kò bá fọwọ́ kan ojú owó, tí a ń ná kìkì dọ́là 4 tàbí 5 nínú 100 lọ́dún, dọ́là 8,000 sí 10,000 yóò máa jáde lọ́dọọdún fún olùkọ́ àti ìwé, ẹ̀bùn náà yóò sì máa jẹ́ orúkọ ìyá. Inú bí bàbá. Ta ni yóò rí orúkọ tí kò sí lára òkúta? Ó mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Ní òru ọjọ́ náà olùdámọ̀ràn kò rí oorun sùn. Ó ń rò ó pé bóyá òun ti fi ẹnu òun lé oore jáde kúrò ní ìlú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, bàbá padà wá. Ìwé àtijọ́ kan wà ní abíyá rẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìyàwó rẹ̀ kọ orúkọ wọn sí, àwọn lẹ́tà náà wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ẹ wá olùkọ́ náà."

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní etí ju ẹnu lọ, kí ó sì ní ìgboyà láti sọ ohun tí ó lè mú ọrẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ni olóore mú wá. Ohun tí olùdámọ̀ràn fi kún un ni ìrònú, òun ni kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ alààyè di ọwọ́ òkú.