Omi Orí Ògì

Ògì tó bá sùn nínú ike á sìlẹ̀, omi orí rẹ̀ á sì tòrò: omi kíkan tó ń ta ahọ́n. Omidùn ni. L'Ókè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo, bó ṣe rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí ọmọ bá ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru, omi yìí làwọn ìyá àgbà máa ń bù fún un.

Wọn ò ṣìnà. Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń mú ògì kan, pàápàá Lactobacillus plantarum, èròjà kíkan tó ń tú jáde sì ń dí kòkòrò àrùn lọ́wọ́. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Fásitì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Àkúrẹ́ dán omidùn wò lára àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ó sì kápá wọn.

Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ yàtọ̀. Oògùn náà ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ohun tó bá ń yára dàgbà nínú ara ló ń gé, bẹ́ẹ̀ láàárín bí ọjọ́ márùn-ún ni awọ inú ìfun ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Fluorouracil, tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, á bó ẹnu, á bó inú. Aláìsàn á máa dìde lóru, á máa di ògiri mú lọ sílé ìyàgbẹ́. Nígbà míì, dókítà á ní láti dín oògùn kù.

Ní Finland, wọ́n fún lára àwọn aláìsàn 150 tó ń gba oògùn yìí ní kòkòrò rere kan, Lactobacillus GG. Ìgbẹ́ gbuuru tó le mú 22 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Nínú àwọn tí kò lò ó, 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ọdún 2007 náà ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ìwádìí kan ṣoṣo kò tó fi búra, àwọn dókítà ò sì tíì fẹnu kò, àmọ́ ó tó ohun tí à ń tọpa rẹ̀ nílé. ARGO, ẹgbẹ́ oníwàádìí jẹjẹrẹ tí ilé ìwòsàn OAUTHC Ilé-Ifẹ̀ àti ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York jọ dá sílẹ̀ ní 2013, ń ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ògì ò sì jìnnà sí wọn; wọ́n lè dán an wò.

Títí dìgbà náà, ẹ má bu omidùn tútù fún ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ. Oògùn yẹn kan náà ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbèjà ara, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí omi kànga àti aṣọ asẹ́ ti kó sínú ike. Kódà kòkòrò rere ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ se ògì náà kó hó dáadáa. Iná á pa kòkòrò rere mọ́ búburú, àmọ́ ẹ̀kọ mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á gba ọ̀fun tó bó kọjá, á sì dá omi padà sára. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó ìwọ̀n 38 Celsius, ẹ má dúró dọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn.