Àpáta tí ìyá wa ń sá èlùbọ́ sí

Àwọn kan ti ń béèrè pé kí ló dé tí a kò kọ nǹkan kan láti ìgbà díẹ̀. Ẹrù la ń kó. A ti kúrò ní àgbàlá ìyá wa lábẹ́ òkè, a ti wà nílé tuntun lẹ́bàá títì, ó ti lé lóṣù méjì báyìí. Ohun tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa nínú gbogbo rẹ̀ kì í ṣe owó, kì í ṣe ẹni tí yóò gba yàrá wo. Ibi tí a ó ti máa sá èlùbọ́ ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé Ìdáàṣà rí: ó tó nǹkan bí 200 kìlómítà láti Kútọnu. Ọ̀dọ̀ wa ni títì ti yà sí méjì, ọ̀kan gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Djougou àti Natitingou. Dassa-Zoumè ni wọ́n kọ sára pátákó. Zoumè yẹn, èdè Fọ̀n ni, "nínú igbó" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òun náà ni àwa ń pè ní Igbó Ìdáàṣà. Ìlú òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n máa ń pè wá. A kò jókòó kà á rí, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èèyàn lè dúró sí nínú ìlú yìí kí ó má rí òkúta ńlá kan níwájú rẹ̀.

Kíkó láti ibì kan sí ibòmíràn kì í sì í ṣe nǹkan tuntun níbí. Nígbà tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ ń jà, òkè làwọn baba ńlá wa ń sá gùn. Ẹ̀yin ará Kétu, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín bí ogun yẹn ṣe rí, ẹ̀yin tí wọ́n fọ́ ìlú yín ní 1886. Nígbà tí Béhanzin juwọ́ sílẹ̀ fún Faransé ní oṣù kìíní 1894, kò sí ohun tó ń lé èèyàn gun òkè mọ́, ilé wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àgbàlá ìyá wa sọ̀ dé ìdí òkè, ó sì dúró síbẹ̀. Àwa la wá tì í dé ẹ̀bá títì.

Ká sọ òótọ́, ilé àtijọ́ náà ti gbó. Ògiri amọ̀ ni, àwa mẹ́jọ la sì wà nínú yàrá mẹ́ta. Nígbà òjò tó kọjá, ògiri tó kọjú sí òkè wó lóru. Omi tó ń ṣàn bọ̀ láti orí òkúta ló jẹ ìdí rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹni tó sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí a ti ń kọ́ ilé ẹ̀bá títì: bí owó bá wọlé, a ra sìmẹ́ńtì, bí kò bá wọlé, a dúró. Ògiri tó wó yẹn ló mú wa kan páànù kíákíá, a fi ilẹ̀kùn sí i, a ní a ó máa ṣe èyí tó kù nígbà tí a bá ti wà nínú rẹ̀. Kò tíì ní àjà. Tí oòrùn ọ̀sán bá mú, ẹ ò ní fẹ́ bá wa lálejò.

Nígbà tí a sọ fún ìyá wa pé ilé ti ṣe tán, ó tẹ̀ lé wa lọ wò ó. Ó wo yàrá kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ kan ògiri, ó gbàdúrà fún wa. Ó wá bọ́ sẹ́yìn ilé, ó wo ilẹ̀ yanrìn tó wà níbẹ̀ títí, ó ní: "Ilé yín dára. Ẹ ó gbé e pẹ́. Ṣùgbọ́n ibo lẹ fẹ́ kí n máa sá èlùbọ́ mi sí?"

Kò sí ẹni tó rí ìdáhùn kankan fọ̀ nínú wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń ra èlùbọ́ nínú ọ̀rá. (Ẹ̀yin ará Kútọnu, télíbò yín náà là ń sọ o, kò sí ìyàtọ̀.) Kì í ṣe gbogbo iṣu ló ń ṣe é. Laboko, iyán ni a fi ń gún. Ó tètè ń tó, òun la sì kọ́kọ́ máa ń jẹ bí iṣu tuntun bá dé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ. Kókóró ni ti èlùbọ́. Iṣu kékeré ni, ó le, ọwọ́ a sì máa dun ẹni tó bá ń bẹ ẹ́. Tí a bá bẹ ẹ́ tán, ìyá wa kì í jẹ́ kí ó hó lórí iná. Omi gbígbóná ló ń bọ̀ ọ́ sí, èyí tí ìka lè wọ̀ kí ó sì tètè jáde. Ó ní tí omi bá hó, iṣu ti jinná nìyẹn, ẹ gbé e wá ká fi epo jẹ ẹ́. Yóò fi ewé tíìkì lé e lórí kí àwọ̀ rẹ̀ lè wọ̀ ọ́, yóò bò ó, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn ni ọ̀rọ̀ àpáta wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá wa ni àpáta kan tẹ́ sí bí ẹní, ó fẹ̀ ju yàrá méjì lọ, ó dagun díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn kúrò. Oòrùn ń ta iṣu lókè, òkúta tó ti gbóná ń yan án nísàlẹ̀. Bí ọyẹ́ bá wà, ọjọ́ mẹ́ta tó láti gbẹ ẹbu, tí ẹ bá ká a, yóò dún kàà. Lóru, òkúta náà ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ìrì tó ṣe nǹkan kan, ilẹ̀ ti mọ́. Ká sọ pé orí ilẹ̀ la sá a sí, ọjọ́ márùn-ún lè má tó, iyẹ̀pẹ̀ á tún wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Ewúrẹ́ nìkan ni ìyọnu ibẹ̀. Ewúrẹ́ Ìdáàṣà mọ òkè gùn jù wá lọ. Nítorí náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹbu, àwọn ọmọ ni iṣẹ́ náà sì máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò, wọn á gé bàtà sílípáàsì tó ti já láti fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin ń fi ṣùkù àgbàdo ṣe ọmọ, ó ń fi àkísà pọ̀n ọ́n. Ìyá wa náà kì í fọwọ́ lẹ́rán: ó ń wé òṣùká, ó ń di ìgbálẹ̀, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí ọmọ kan bá sọ Faransé sí i, á ní òun kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́ dáadáa. Faransé ni wọ́n ń sọ nílé ẹ̀kọ́, Fọ̀n ni wọ́n ń bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn sọ ní ìgboro. Tí a bá ní ká wo ibi tí àwọn ọmọ mẹ́rin yìí ti gbọ́ ẹnu àwọn baba wọn, orí òkúta yẹn ni, nídìí ẹbu.

A wá gbìyànjú onírúurú nǹkan. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká da sìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìn ilé. A ṣírò rẹ̀, owó àjà ni yóò kó lọ. Òmíràn ní ká ra tapolíìnì. A rà á. Ọyẹ́ gbé e lọ́jọ́ kìíní, ẹbu fọ́n ká sínú oko aládùúgbò, àwọn adìyẹ rẹ̀ sì kí wa kú oríire. Àwọn kan ládùúgbò máa ń sá ẹ̀gẹ́ wọn sí etí títì, lórí ọ̀dà. Ìyá wa kò jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní ẹni tó bá jẹ èlùbọ́ títì, èéfín mọ́tò ló jẹ. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Parakou kì í sì í dẹsẹ̀. Ta la fẹ́ rán pé kó lọ ṣọ́ ẹbu níbẹ̀?

Àárín èyí la wà tí ọkùnrin kan fi wá bá wa. Ó gbọ́ pé a ti ń kó kúrò, ó fẹ́ ra ẹ̀yìn àgbàlá náà nítorí àpáta. Ó fẹ́ kí wọ́n máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà wa kọjá rí, ẹ mọ àwọn obìnrin tó ń jókòó sí etí títì, tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ òkúta, òkìtì rẹ̀ á sì wà níwájú wọn. Iṣẹ́ gidi ni, ó le, a kò sì ní bú ẹni tó ń ṣe é. Òkúta irú wọn ló wà nínú ìpìlẹ̀ ilé tuntun wa. Owó tí ọkùnrin náà dá lé e kì í ṣe kékeré. Yóò ṣe àjà, yóò da sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn ilé, yóò sì kù.

Oru méjì la fi jiyàn. Àwọn kan nínú wa ní àpáta kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń jẹ, òkè kún Ìdáàṣà, ẹyọ kan kò ní tán wọn. Àwọn yòókù ní tí wọ́n bá ti fọ́ ọ, kò sẹ́ni tó lè lẹ̀ ẹ́ pa dà. Ohùn ga. Ẹnìkan tiẹ̀ jáde lọ sùn sílé tuntun nígbà tí kò tíì sí ibùsùn kankan níbẹ̀. Nígbà tó yá, a lọ bá ìyá wa, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ wa tán, ó ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ. Ó ní: "Kò burú. Tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ tà á. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó nǹkan mi kúrò lórí rẹ̀."

A rẹ́rìn-ín, nítorí láti kékeré wa, a kò rí ọjọ́ kan tí òkúta yẹn ṣófo. Bí ẹbu bá kúrò, ẹ̀gẹ́ á dé. Bí ẹ̀gẹ́ bá kúrò, ata á dé, tàbí ilá, tàbí irú, tàbí àgbàdo. A sọ fún ọkùnrin náà pé kó máa lọ ná.

Ọjọ́ tí a kó ẹrù, awakọ̀ bàṣé tí a háyà kò fẹ́ gbé odó ìyá wa. Ó ní ó wúwo jù, epo sì ti wọ́n. Òótọ́ ni; láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún 2023, kpayo tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa ti gbówó lórí, olúkúlùkù sì ń fi ìyẹn ṣe àwáwí. A fi 1,000 sẹ́fà lé owó rẹ̀, odó gun ọkọ̀. Ìkòkò, igbá, ẹní, abọ́ tánńganran tí ìyá wa rà ní Ìbàdàn kí àwa tó dáyé, gbogbo rẹ̀ dé láìfọ́.

A ti ra ẹ̀rọ ìdáná onígáàsì sílé de ìyá wa. Ó ní ó dára fún tíì. Ó rán àwọn ọmọ lọ gbẹ́ amọ̀ wá láti ìdí òkìtì ọ̀gán, ó gé koríko gbígbẹ sí i, ó ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gún un. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi mọ ààrò sábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìn ilé. Ibi tó bá là, a fi amọ̀ rírọ̀ dí i, ó fi òkúta kékeré tútù dán an. Ẹsẹ̀ àbíkẹ́yìn wa ṣì hàn nílẹ̀ ibẹ̀. Oúnjẹ tí a kọ́kọ́ sè lórí rẹ̀ ni àmàlà àti ọbẹ̀ ilá, pẹ̀lú wagasi tí a rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, èyí tí wọ́n fi poroporo ọkà bàbà pa láró pupa. Gbogbo àdúgbò tuntun ló wá bá wa jẹ ẹ́. Báyìí la ṣe mọ orúkọ wọn.

Ìyá wa ń sun ilé tuntun báyìí. Ilé ìdáná àtijọ́ la kò wó. A pààrọ̀ páànù rẹ̀, ibẹ̀ ni iṣu àti ẹbu wà. Sẹ́mi ń gbé ìyá wa lọ láàárọ̀, ó ń gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí kò sí ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ á lọ bá a. Ọjọ́rú kan náà ni ọjà Glazoué, ọ̀kan nínú wa á sì gbé èlùbọ́ lọ. Àkọ́bí wa ló ń kọ orúkọ ọjà sára àpò. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níhà ọ̀dọ̀ wa ló ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ɔ: ELUBƆ. Oníbàárà kan tó wá láti Ìlọrin wò ó títí, ó ní lẹ́tà wo rèé. Ọmọ ní ẹ̀yin lẹ fi àmì sábẹ́ "o", àwa ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà ra àpò méjì.

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ̀yin ará Ìgbẹ́tì, ẹ̀yin ará Ìdànrè, ẹ̀yin náà ní òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń gbẹ tiyín nígbà òjò? Orí àpáta la ti ń tẹ èyí lórí fóònù, Ọjọ́rú lòní, ìyá wa sì ti ń pariwo. Ewúrẹ́ ti dé.