Aago Mẹ́jọ Àárọ̀, Aago Mẹ́jọ Alẹ́

Àwa tí wọ́n ti fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára, àwọn èèyàn rò pé wàhálà wa parí sí tíátà. Rárá o! Ara wa ṣì ń wo kíndìnrín náà bí olè tó fo fẹ́ǹsì wọlé. Oògùn la fi ń bẹ ara, láàárọ̀, lálẹ́, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ní 1954, ní Boston, Richard Herrick gba kíndìnrín Ronald, ìkejì rẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ló pín di àwọn méjèèjì, nítorí náà ara rẹ̀ gbà á bíi tirẹ̀. Àwa ò ní irú oríire yẹn.

Síbẹ̀, oògùn kọ́ ló le jù. Tí a bá ń retí èsì àyẹ̀wò creatinine, àyà wa á máa já. Tí àbúrò tó fún wa ní tiẹ̀ bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, àwa la ò ní sùn. Báwo lèèyàn ṣe ń san irú gbèsè yẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wá ní akọni. Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà mọ̀ pé kì í ṣe ìgboyà ló ń gbé sáfà ró. Ẹnì kan ló ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Tiwa náà nìyẹn. Alárọ́ọ̀mù á dún, a ó bu omi, a ó gbé oògùn mì, kódà lọ́jọ́ tí ayé sú wa. Tí ẹ̀rù bá pọ̀jù, a ó pe ẹni tó ti la irú ẹ̀ kọjá.

Àbúrò ò béèrè owó. Kí kíndìnrín rẹ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́ lára wa, ọpẹ́ rẹ̀ nìyẹn.