Ìka tí ó Ṣẹ̀ ni Ọba ń Gé: Ìdójútòfò Ìlera àti Òṣìṣẹ́ tí ó wà ní Àhámọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo ọ̀ràn kan tí àwa olùkọ́ kì í sábà mẹ́nu bà: bí wọ́n bá ti òṣìṣẹ́ mọ́lé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìdójútòfò ìlera tí ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀ níbi iṣẹ́?

Òfin ọdún 1999 ni ó dá ètò tí a mọ̀ sí NHIS sílẹ̀, ọdún 2005 ni ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti là á kalẹ̀ nígbà náà fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, agbanisíṣẹ́ yóò san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gangan, òṣìṣẹ́ yóò san ìdá 5. Òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ètò náà wà fún. Kì í ṣe ọrẹ àánú. Ara owó iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n owó oṣù ni ó so ó rọ̀. Bí okùn bá já, ẹrù di ilẹ̀.

Ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2008 sọ pé a lè dá ẹni tí ẹjọ́ ńlá wà lọ́rùn rẹ̀ dúró kí ó máa gba owó tí kò ju ìdajì lọ, a sì lè dá a dúró láìsí owó rárá. Bí a bá wá rí i pé kò jẹ̀bi, a ó san gbogbo owó tí a dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, abala 36 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní a kò gbọdọ̀ ka ẹnikẹ́ni sí ọ̀daràn títí ẹ̀rí yóò fi fi hàn pé ó jẹ̀bi. Àwọn tí ó sì ń retí ìdájọ́ pọ̀ ju àwọn tí a ti dá lẹ́bi lọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa.

Ìbátan ìyá mi kan, ọmọ Omifunfun, lo oṣù mọ́kànlá ní àhámọ́ kí ilé ẹjọ́ tó dá a sílẹ̀. Láàárín àkókò náà, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ wọn tí ó ní àrùn fọ̀níkúfọ̀ladìde lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní orúkọ wọn kò sí nínú ìwé mọ́. Kòkó tí wọ́n ṣì ń sá lọ́wọ́ ni obìnrin náà tà ní ọ̀pọ̀ láti san owó ìtọ́jú. Nígbà tí ọkọ jáde, wọ́n san owó oṣù rẹ̀ pé. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè owó kòkó.

Ẹni tí ó wà nínú àhámọ́ ní ibi tí òfin fi í sí. Ìlànà Mandela, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2015, ní ojúṣe ìjọba ni láti tọ́jú ẹlẹ́wọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń tọ́jú ará ìta. Mandela fúnra rẹ̀ kó ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1988; ilé ìwòsàn ìta ni wọ́n gbé e lọ. Aya àti ọmọ tí ó wà nílé ni kò ní alátìlẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, òfin COBRA ti ọdún 1986 jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lè fi owó ara wọn tẹ̀síwájú nínú ètò náà fún oṣù 18. Owó rẹ̀ wọ́n, àmọ́ wọn kò ti ilẹ̀kùn pa.

Èrò tèmi ni pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ti aya àti ọmọ títí ìdájọ́ yóò fi wáyé. Bí ẹ̀bi bá sì dé, kí a kọ́kọ́ fi ìdílé náà sí ètò ìpínlẹ̀ kí a tó pa orúkọ wọn rẹ́, nítorí òfin ọdún 2022 ti sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì dá owó àkànlò sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan ìjọba nínú ìdílé olè. Ọmọ olè kọ́ ni ó jalè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la, ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Owó oṣù lè dúró de ìdájọ́. Àìsàn ọmọdé kì í dúró.