Ọṣẹ Ìfárùngbọ̀n: Èyí tí Kò Wọ́n, tí Kò sì Ṣe Ojú Lọ́ṣẹ́

 

Ọ̀rọ̀ ojú ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àgbà sì ti wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bi mí léèrè nínú kíláàsì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni Yorùbá ń pe kíríìmù tí ọkùnrin fi ń fá irùngbọ̀n?" Mo dá a lóhùn pé ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ni. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orúkọ yẹn kò jọ ohun tí wọ́n ń tà nínú agolo. Lójú tèmi, ó jọ ọ́ dáadáa, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ìdí tí a fi ń pè é ní ọṣẹ yóò mọ èyí tí ó yẹ kí òun rà, yóò sì mọ iye tí ó yẹ kí òun ná lé e lórí.

Ìdí méjì ni ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2022, àwa olùkọ́ yunifásítì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì fún oṣù mẹ́jọ, owó oṣù kò sì wọlé. Nígbà tí owó bá ṣọ̀wọ́n, ènìyàn a máa tún gbogbo ohun tí ó ń rà yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agolo fọ́ọ̀mù ìfárùngbọ̀n wà lára ohun tí mo kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ìwé ọjà. Ìdí kejì ni pé irun ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní àgbọ̀n ọmọkùnrin mi àgbà, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún. Irun ìdílé wa ki, ó sì lọ́. Ọrùn tèmi mọ ìyà tí irú irun bẹ́ẹ̀ ń fi jẹ ẹni tí ń fá a. N kò fẹ́ kí ọmọ náà jogún ìyà yẹn mọ́ irun.

Fífá kì í ṣe gígẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò. Fá ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò nígbà tí abẹ bá gba orí awọ kọjá tí kò fi irun kankan sílẹ̀. A ń fá orí, a ń fá irùngbọ̀n. Fá yìí kan náà la ń lò bí a bá fi ìka kó ọbẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ abọ́: a fá abọ́ náà, kò ku nǹkan kan. Gígẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó gẹ irun fi díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún padà bá a níwájú.

Irinṣẹ́ fífá ni abẹ. Òun ni onígbàjámọ̀ fi ń fárí. Àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí onígbàjámọ̀ Hausa tí ó máa ń kiri àdúgbò pẹ̀lú àpò rẹ̀, tí abẹ àti ìwo tí ó fi ń fa ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Omi àti ọṣẹ ni ó fi ń rin irun kí ó tó gbé abẹ lé e. Nínú ìsìn òrìṣà náà, a máa ń fá orí ẹni tí a bá ń fi jẹ adóṣù. Ní ilẹ̀ Brazil, nínú ìsìn Candomblé, àṣà ìfárí yìí ṣì wà títí di òní, wọ́n sì mọ ọṣẹ dúdú wa níbẹ̀; sabão da costa ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ohun tí àwa ní Nàìjíríà ń pè ní ṣéfíǹ sítíìkì ni abẹ oníke tí a ń lò sọnù, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Bic gbé jáde ní ọdún 1975. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọṣẹ gbọọrọ tí a ń rà mọ́ irùngbọ̀n ni ọ̀rọ̀ kan náà ń tọ́ka sí. Bí ẹ bá rán ẹ̀gbọ́n yín ní London ní ṣéfíǹ sítíìkì, kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu bí ó bá fi ọṣẹ ránṣẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé ohùn orí ọ̀rọ̀. Ọṣẹ la fi ń fọ nǹkan. Ọṣẹ́ ni ìpalára. Ohùn òkè kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Lórí ojú ọkùnrin, ìyàtọ̀ wọn kì í pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn.

Iṣẹ́ tí ọṣẹ ń ṣe

Irun gbígbẹ le. Bí omi bá wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, yóò rọ̀, abẹ yóò sì gé e láìfi agbára fà á. Iṣẹ́ ọṣẹ ni láti di omi náà mú mọ́ irun lára kí ó má tètè gbẹ, kí ó sì mú kí abẹ máa yọ̀ lórí awọ. Kò ní iṣẹ́ mìíràn. Òórùn dídùn àti àwọ̀ mèremère kò sí lára iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n a máa ń san owó wọn.

Ọ̀rá tí a fi se ọṣẹ ló ń pinnu bí yóò ṣe hó. Àdín àti òróró àgbọn kún fún ásíìdì lauric, tí ó tó nǹkan bí ìdajì wọn. Ọṣẹ tí a fi wọ́n sè a máa hó kíákíá, ìhó rẹ̀ a sì tóbi, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí yóò fi wálẹ̀. Ásíìdì stearic ló ń mú kí ìhó ki, kí ó sì dúró pẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ìfárùngbọ̀n fi máa ń lo stearic púpọ̀, tí wọ́n á sì fi òróró àgbọn díẹ̀ kún un. Ta ló ní stearic lọ́pọ̀ yanturu láàárín wa? Òrí ni. Ó tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀.

Ohun kejì ni eérú. Ọṣẹ tí a fi sódíọ́ọ̀mù ṣe a máa le, bí ọṣẹ ìfọṣọ onígi. Èyí tí a fi pọ̀tásíọ́ọ̀mù ṣe a máa rọ̀, a sì máa tètè yọ́ nínú omi. Nítorí náà ni pọ̀tásíọ́ọ̀mù fi wà nínú ọ̀pọ̀ kíríìmù ìfárùngbọ̀n olówó gọbọi. Eérú èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, pọ̀tásíọ́ọ̀mù ló kún inú rẹ̀. Nípa bí a ṣe ń sè é, ìbátan tímọ́tímọ́ ni ọṣẹ dúdú àti kíríìmù inú agolo. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Ọ̀rọ̀ owó

Omi àti afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú agolo fọ́ọ̀mù, pẹ̀lú gáàsì tí ń tì í jáde. Owó agolo, owó gáàsì àti owó ọkọ̀ ojú omi ni a ń san ju owó ọṣẹ lọ. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí iye náírà máa wá ipò rẹ̀ lọ́jà, ohun tí ó bá ti òkè òkun wá ti kọjá ọwọ́ ọ̀pọ̀ olówó oṣù. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Procter & Gamble, tí ó ni Gillette, kéde pé àwọn yóò dẹ́kun ṣíṣe ọjà ní Nàìjíríà, pé kíkó wọlé ni àwọn yóò máa kó o. Kí ó tó dìgbà náà, ní oṣù Kẹta, Unilever ti kéde pé àwọn yóò jáwọ́ nínú ọṣẹ ìwẹ̀ àti ọṣẹ ìfọṣọ níhìn-ín. Ọṣẹ ni ilé-iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1923. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé! Ẹni tí ń fi eérú kòkó se ọṣẹ lẹ́yìnkùlé kò kéde ohunkóhun ní tirẹ̀.

Àwọn ohun tí mo ti dán wò nìyí. Ọṣẹ ìwẹ̀ lásán a máa hó, ṣùgbọ́n ìhó rẹ̀ máa ń gbẹ kí abẹ tó dé àgbọ̀n kejì. Kíríìmù inú ọ̀pá, tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì pò, dára ju fọ́ọ̀mù lọ, ó sì ń pẹ́, nítorí pé ìwọ̀n èso ẹ̀wà kan tó fún ìfá kan. Bí ẹ bá rí Arko, ọṣẹ gbọọrọ tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Turkey, ẹ rà á. Owó rẹ̀ kò ga, ìhó rẹ̀ sì ki dáadáa. Ọṣẹ dúdú ni mo wá fìdí kalẹ̀ sí. Èyí tí ó tó ìkúùkù ọmọdé kan máa ń tó mi lò fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Bí mo ṣe ń lò ó

Ẹ wá èyí tí a fi òrí kún nígbà tí a ń sè é. Ẹ bi ẹni tí ń tà á. Ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò dáhùn. Ojúlówó ọṣẹ dúdú kì í dúdú kirikiri, ó sábà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kí ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sì dúró di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ bá ta yín tàbí tí ó yún yín, eérú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún awọ yín. Ẹ fi fọ aṣọ.

Ẹ mú ìwọ̀n tí kò ju ìlàjì awẹ́ obì lọ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná díẹ̀, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, nítorí pé eérú tí kò kúnná lè ha ojú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí ìka pò ó títí yóò fi ki bí ògì. Lẹ́yìn ìwẹ̀ tí irun ti rin, ẹ fi pa á, kí ẹ sì fá a kíákíá. Ọṣẹ kì í ṣe ohun tí a ń jẹ́ kí ó pẹ́ lójú, nítorí pé awọ ara fẹ́ díẹ̀díẹ̀ kíkan, tí ìwọ̀n pH rẹ̀ wà ní nǹkan bí 5, nígbà tí ti ọṣẹ wà láàárín 9 sí 10. Ẹ fi omi tútù ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì fi òrí fẹ́ẹ́rẹ́ pa á. Sípírítì tí àwọn agẹrun máa ń fi nu ojú ẹni, tí a fi ń fò sókè lórí àga, ẹ má ṣe mú un wọ ilé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kókó kéékèèké tí ó máa ń sú sí ọrùn lẹ́yìn fífá. Ọṣẹ nìkan kò lè wò ó. Irun tí ó lọ́, bí a bá gé e kanlẹ̀, orí rẹ̀ a mú bí abẹ́rẹ́, a sì tẹ̀ padà wọ inú awọ. Ara a wá máa bá a jà bí ẹni ń bá ẹ̀gún jà. Abẹ elétí púpọ̀ ló máa ń burú jù, nítorí pé ó ń fa irun sókè kí ó tó gé e, orí irun a sì wọ abẹ́ awọ lọ. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn awọ ara ni pé kí a lo abẹ elétí kan, kí a fá a sí ibi tí irun kọjú sí, kí a má na awọ, kí a má sì gba ibì kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí kókó bá ti pọ̀, kí a fi abẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a máa fi ẹ̀rọ gẹ irun náà. Ẹ rí i báyìí pé èdè wa ti ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́: ẹni tí fífá bá ń pa lára, kí ó máa gẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí mo kó igbá ọṣẹ síwájú ọmọ mi, ó wò ó, ó wò mí. "Dádì, ṣé ọṣẹ tí Màmá àgbà fi ń wẹ ọmọ tuntun yìí lẹ fẹ́ kí n fi fá irùngbọ̀n?" Mo ní kí ó kọ́kọ́ fi pa apá. Lọ́jọ́ kejì, apá rẹ̀ ń yún un. Kíríìmù inú ọ̀pá ni mo rà fún un, ó sì bá a lára mu. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí n kò gbà láyè ni pé kí ó yá ẹnikẹ́ni ní abẹ rẹ̀, tàbí kí ó yá ti ẹlòmíràn ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ ti máa ń pín ohun gbogbo. Àìsàn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hẹpatáítìsì B lè gba ojú abẹ wọ ara, kòkòrò HIV náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ la lè pín oúnjẹ pẹ̀lú. Abẹ kò ní ọ̀rẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ bá mi bi àwọn bàbá yín léèrè, pàápàá àwọn tí ó ń sọ ẹ̀ka-èdè Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti ti ilẹ̀ Kétu: kí ni wọ́n ń pe kókó tí abẹ máa ń fà sí ọrùn? Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní irorẹ́ abẹ, tí àwọn mìíràn kàn ń pè é ní bọ́ǹpù. Ó dá mi lójú pé àwọn tí ó ti ń fá irùngbọ̀n kí agolo tó dé ní orúkọ tí ó ju bọ́ǹpù lọ fún un. Ẹ bi wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà lókè eèpẹ̀.

Ire o.