Awọ Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ

Ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ awọ jẹ́ ju àìmọ̀ lọ. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn oníṣọ̀nà ti ń fi awọ ewúrẹ́ ṣe tìmùtìmù, àpò àti làbà àwọn oníṣàngó, mo máa ń rí ọ̀dọ́ tó fa awọ gbígbẹ yọ lórí àjà tó sì da aró lé e lójú ẹsẹ̀. Ibì kan á pọ́n jù, ibì kan kò ní gbà á rárá. Á ní aró ni kò dára. Ẹ má dá aró lẹ́bi.

Fọ́nrán-fọ́nrán ni awọ láti inú wá. Ọ̀rá tó wà láàrin wọn ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Bí ọ̀rá yẹn bá lọ, awọ á gan. Tẹ́ ẹ bá ká a, á sán. Ibi tó gbẹ jù á fa aró mu bí ilẹ̀ ẹ̀rùn ṣe ń fa àkọ́rọ̀ òjò, ibi tí ọ̀rá ṣẹ́kù sí á sì lé e sẹ́yìn.

Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu eruku rẹ̀, kó gbẹ lábẹ́ òjìji. Ẹ wá mú òrí, ẹ yọ́ ọ láàrin àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ra ẹ̀yìn awọ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn òyìnbó a máa lo epo tí wọ́n sè láti ara egungun ẹsẹ̀ màlúù, tí kì í tètè dì nígbà òtútù. Èmi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n òrí wà nílé. Díẹ̀ ni mo wí o! Aró pupa ìbílẹ̀ tí wọ́n ń rí lára pòròpórò ọkà bàbà pẹ̀lú káún, omi ni. Bí epo bá ti kún inú awọ, omi ò ríbi wọ̀.

Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí òrí náà lè rìn dé ibi gbogbo. Ìka ni ẹ ó fi mọ̀ bó ti tó, ojú máa ń tan ni jẹ. Kí ẹ tó rẹ ẹ́, ẹ fi kànìnkànìn tó rin gbẹrẹ nu ojú rẹ̀ káàkiri, aró á tàn dọ́gba. Ká sá a sóòrùn kó lè tètè gbẹ ńkọ́? Ẹ má dán an wò, iná sì tún burú jù ú lọ. Awọ tútù tí ooru bá mú á sún kì, á le, kò sì sí epo tó lè dá a padà. Lẹ́yìn aró, ẹ tún fi òrí díẹ̀ pa á, nítorí omi aró náà ti kó nínú ọ̀rá rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dán aró wò lára àgékù awọ kan náà ná, kí ẹ tó fi kan èyí tí oníbàárà ti sanwó rẹ̀.